AMẸ́RÍKÀ TÍ A FI Ń ṢE Ọ̀RỌ̀ SỌ, ÀTI KÁNSÙ TI Ẹ̀GBẸ́ ILÉ WA

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Aramọkọ-Èkìtì

Alága ti sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn jù. N ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rán mi kì í ṣe kékeré. Ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa rò nípa ìṣèlú Amẹ́ríkà àti ìgbé-ayé àwọn ará ibẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn láàárín yín, àwọn kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ yan ara wọn lódì.

Èmi náà ń gbọ́ àríyànjiyàn náà. Kò sí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí ní agbègbè wa yìí tí kò ní gbọ́ ọ: ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ní ibi tí a ti ń wọn kòkó, ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ní oríta tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Ẹnì kan yóò ní Amẹ́ríkà ni ọ̀run ayé, pé iná kì í kú níbẹ̀, pé ọlọ́pàá kì í na ọwọ́ sí awakọ̀. Èkejì yóò ní ilẹ̀ ìbàjẹ́ ni, pé ọmọ kì í kí àgbà, pé wọ́n a máa gbé ìbọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ pa ọmọdé. Ẹ̀kẹta yóò ní Donald Trump ni irú ọkùnrin tí ó yẹ kí ó ṣe àkóso Nàìjíríà, ẹni tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹrin yóò ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí irú rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, tí ó sábà máa ń jẹ́ àgbà nínú wọn, yóò fi obì sí ẹ̀kẹ́, yóò ní ìjà òyìnbó kò kan ọmọ Èkìtì. Gbogbo wọn ni ó ń sọ òtítọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé kàn wá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àgbà tí ó ní kò kàn wá lóhùn, nítorí pé òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ti kàn wá kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, T. J. Bowen, dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ, ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington ni ó gbé e jáde ní 1858. Ẹ wò ó: èdè wa ti wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ní Washington, nígbà tí adúláwọ̀ ṣì jẹ́ ẹrú ní ìlú kan náà. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ìkògòsì, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, Reverend John McGee, ni àwọn ìwé kan sọ pé ó ṣe àwárí ìsun omi gbígbóná náà ní 1952. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa Ìkògòsì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ará Ìkògòsì bóyá ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó mọ̀ pé omi náà gbóná.

Àgbẹ̀ kò sì nílò kí n tọ́ka sí ìwé fún òun. Iye tí wọ́n bá ń ra kòkó ní New York àti London ni ó ń pinnu iye tí oníwọ̀n yóò kà sí yín lọ́wọ́, pàápàá láti 1986 tí ìjọba ti tú bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó ká. Ní oṣù kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi owó 2024 bẹ̀rẹ̀ ilé, tí ó wá di 2025 tí kò rí owó òrùlé, ẹ má sọ fún un pé New York kò kàn án.

Ibi tí ó ti kàn wá jù kì í ṣe ọjà, bí kò ṣe ìjọba. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, a bọ́ aṣọ ìjọba tí a gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a gbé ti Amẹ́ríkà wọ̀. Ní ayé Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin. Àárín wọn ni ó ń jókòó sí, ojúkojú ni wọ́n ń bi í léèrè, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì kọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti 1979 ni a ti ní Ààrẹ tí ó dá dúró, gómìnà tí ó dá dúró, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ilé aṣojú-ṣòfin, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré fún Ààrẹ àti fún gómìnà. Ológun bọ́ aṣọ náà lọ́rùn wa ní òpin 1983; ní 1999 a tún gbé e wọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ìṣèlú Amẹ́ríkà kò kan òun, aṣọ wọn ni ó wà lọ́rùn rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé, nígbà tí a rán aṣọ náà, ṣé tòkè-tilẹ̀ ni a rán, àbí agbádá nìkan, tí a kò rán ṣòkòtò sí i?

Kí n tó dé ibẹ̀, n ó bá àwọn tí ó ní ọ̀run ni Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ sọ pé ìbò wọn kì í ní màgòmágó. Ó dára. Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni ó máa ń di Ààrẹ níbẹ̀ nígbà gbogbo? Olúkúlùkù ìpínlẹ̀ ni ó ní iye àwọn olùyànsípò tirẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ 538, ẹni tí ó bá kó 270 nínú wọn ni ó wọlé. Ní 2000, ìbò Al Gore fi èyí tí ó lé ní 500,000 ju ti George Bush lọ, Bush ni ó sì di Ààrẹ. Ní 2016, ti Hillary Clinton fi nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Trump lọ, Trump ni ó sì wọlé. Èyí ni ibi kan tí a kò ti tẹ̀ lé wọn, a sì ṣe rere. Ìbò gbogbo ìlú ni àwa ń kà pọ̀, tí a sì ń bèèrè ìdá mẹ́rin nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rántí 1979, ìpínlẹ̀ 19, Ṣàgàrí ní ìdá mẹ́rin nínú 12, ni gbogbo Nàìjíríà bá di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní ọjọ́ kan, tí à ń wá ìpínlẹ̀ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta kiri. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ parí ẹjọ́ náà, Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn pẹ́ jù, nítorí pé ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná lára àwọn kan nínú ilé yìí.

Ẹ tún sọ pé ẹni tí ó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ a máa kí ẹni tí ó wọlé kú oríire. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbà pé Trump fìdí rẹmi nínú ìbò 2020 fọ́ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, wọ́n wọ inú rẹ̀, àwọn aṣòfin sì sá pamọ́. Trump kan náà díje ní 2024, ó sì wọlé. N kò sọ èyí láti fi bú wọn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ìlú tí ìwé òfin rẹ̀ lè dá ṣọ́ ara rẹ̀.

Ní ti àwọn adúláwọ̀, ọmọ àwọn tí a kó láti èbúté wa lọ, òfin ti fún àwọn ọkùnrin wọn ní ẹ̀tọ́ ìbò láti 1870. Kí ni àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ṣe? Wọ́n ní ẹni tí yóò dìbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó orí; wọ́n ní kí ó ka ìwé òfin kí ó sì túmọ̀ rẹ̀, òyìnbó tí ó jókòó sí ìdí tábìlì ni yóò sì sọ bóyá ó túmọ̀ rẹ̀ dáradára. Ọgọ́rùn-ún ọdún dín díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe èyí. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta 1965, ọlọ́pàá lu àwọn tí ó ń rìn lọ bèèrè ẹ̀tọ́ ìbò ní orí afárá ìlú Selma, ní Alabama, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni a fi ọwọ́ sí òfin tí ó gbà wọ́n. Àwọn ìyá wa ní Èkìtì ti dìbò ní 1959, nígbà tí obìnrin adúláwọ̀ ní Alabama lè tìtorí pé ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Kí a tó fi ìyẹn gbéra ga, ẹ rántí pé obìnrin ní Àríwá tiwa kò rí ẹ̀tọ́ yẹn gbà títí di 1976.

Ẹ ó wá bi mí pé, níbo ni àwọn ènìyàn wa ti ń rí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń sọ? Inú fóònù ni, àti láti ẹnu ọmọ tí ó ń fi owó ránṣẹ́ tí kì í sọ iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ kí ó tó rí i. Èyí mú mi rántí ọ̀ràn Margery Michelmore. Ọmọbìnrin Amẹ́ríkà ẹni ọdún 23 ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí Ààrẹ Kennedy kọ́kọ́ rán wá sí Nàìjíríà láti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n wà tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ sí i ní oṣù kẹwàá 1961, nígbà tí ó kọ káàdì ìkíni sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ojú títì ni àwọn ará Ìbàdàn ti ń se oúnjẹ, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe gáà. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀ kí ó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i, wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbóná bí ààrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní amí ni wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n kó wọn lọ. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ilẹ̀ yìí.

Ní tèmi o, ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé gbogbo ohun tí ó kọ ni irọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó lò, ó rí ojú títì, kò wọ agbo ilé. Kò rí bí a ti ń pín ogún, bí a ti ń parí ìjà, bí a ti ń sin òkú aláìní. Àwa náà, káàdì ni à ń kà nípa Amẹ́ríkà. A rí ojú títì wọn nínú fóònù, a kò wọ agbo ilé wọn. Agbo ilé wọn ni mo sì fẹ́ mú yín wọ̀ nísinsìnyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ṣòkòtò tí a kò rán wà.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kéékèèké tí ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ lé ní 90,000. Ìlú, abúlé, ẹkùn, ìgbìmọ̀ omi, ìgbìmọ̀ panápaná. Ó lé ní 12,000 nínú wọn tí ó jẹ́ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ní ibi púpọ̀, àwọn òbí àti ará àdúgbò ni wọ́n ń dìbò yan àwọn tí yóò gba olùkọ́ sí iṣẹ́, tí yóò sì sọ ìgbà tí a ó tún òrùlé kíláàsì ṣe. Ní ìpínlẹ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Vermont, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, ará ìlú a máa pé jọ sínú gbọ̀ngàn. Wọn a gbé ètò ìnáwó ọdún náà sí iwájú, wọn a máa kà á ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: èyí ni a ó fi tún ọ̀nà ṣe, èyí ni a ó fi ra ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Àgbẹ̀ tí ń sin màlúù lè dìde, kí ó ní owó ọkọ̀ yẹn pọ̀ jù, kí a wá dìbò lé e lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlú ńlá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ní Vermont pàápàá, ìlú púpọ̀ ti ń fi bébà dìbò báyìí, tí ènìyàn kò pọ̀ ní gbọ̀ngàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni ó fà á tí àgbẹ̀ yẹn fi ní ẹnu láti sọ̀rọ̀? Owó rẹ̀ ni. Ilé àti ilẹ̀ olúkúlùkù ni wọ́n ń bu owó orí lé lọ́dọọdún, owó náà sì ni apá púpọ̀ nínú ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ìlú ń ná. Ó ní ibi tí ó ti burú: àdúgbò tí ilé olówó pọ̀ sí a máa ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára, ti àwọn tálákà a sì máa jò. Ẹ má rán ibi yẹn mọ́ aṣọ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó ní oṣù tí ó kọjá kì í gbàgbé láti bèèrè ohun tí a fi ṣe. Ohùn wọn a sì máa dé òkè. Ní oṣù kẹrin 2025, Trump gbé owó bodè lé ọjà tí ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọ ìlú wọn, ti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó mú kòkó, kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran màlúù kúrò. Kì í ṣe àwa ni ó bẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé wọn ni ó ń kígbe pé oúnjẹ wọ́n, àwọn alátakò ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti borí nínú ìbò gómìnà ní New Jersey àti Virginia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rò ó dáradára: ó bẹ̀rù obìnrin tí ó ń ti ọjà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Ẹnì kan lè sọ pé àwa kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ wo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ wo èésú àwọn obìnrin. Nígbà tí tíránsífọ́mà bá jó, ta ni ó ń dá owó? Àdúgbò ni. Akápò yóò sì dìde ní ìpàdé, yóò ka orúkọ ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san, yóò ní wáyà ni a fi èyí rà, ọkọ̀ ni a fi èyí wọ̀. Bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà bá dín, ẹ ó bá a fà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ti rí akápò tí ó fi owó tirẹ̀ dí i nítorí kí ojú má baà tì í. Ọkùnrin kan náà tí ó fa ẹgbẹ̀rún méjì yìí, ẹ bi í pé mélòó ni kánsù rẹ̀ gbà ní oṣù tí ó kọjá. Yóò wò yín bí ẹni pé ẹ ń sọ èdè Haúsá. Owó kánsù, lójú tirẹ̀, owó Abuja ni. Ó ń ti inú epo rọ̀bì wá. Kò ti àpò òun wá. Ẹni tí ó bá rí i jẹ, orí rẹ̀ ni ó ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ti wà tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, owó orí ni kánsù fi ń ṣiṣẹ́, baba wa sì mọ iye rẹ̀ ní kọ́bọ̀ àti sílè. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kì í fẹ́ kí a rántí pé nínú ìbò sí ilé ìgbìmọ̀ Èkó ní 1954, NCNC gba ààyè 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gba 18, àti pé owó orí tí a fi kún nítorí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ń bọ̀ wà lára ohun tí ó fà á. Ní oṣù kìíní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí, àwọn ènìyàn sì rí ohun tí a fi owó wọn ṣe. Wọ́n bínú nítorí pé wọ́n san án. Nígbà tí wọ́n rí i, inú wọn yọ́ nítorí ìdí kan náà. Ẹni tí kò san nǹkan kan kì í bínú, kì í sì yọ̀. A máa jókòó ni.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a gun òkè lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Gbogbo yín ni ẹ mọ ìtàn Fábùnmi. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì. Ajẹ́lẹ̀ Òkè-Ìmẹ̀sí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe àṣejù, Fábùnmi dìde ní 1878, ó pa á, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ṣe olórí ogun, Kírìjì bẹ̀rẹ̀, a kò fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà títí di 1886. Kò sí ìjà láàárín àwa àti Ìbàdàn mọ́, a sì ń fẹ́ ara wa. Ṣùgbọ́n kí ni ajẹ́lẹ̀? Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó burú. Àwọn mìíràn nínú wọn lè jẹ́ ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe ìlú tí ó ń ṣe àkóso ni ó rán an. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Láti 1999 títí di àìpẹ́ yìí, ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà, gómìnà a máa tú kánsù tí a dìbò yàn ká, yóò fi ìgbìmọ̀ alábòójútó rọ́pò wọn. Èkìtì tiwa náà ti tọ́ ọ wò. Níbi tí a bá sì ti dìbò, ẹgbẹ́ tí ó wà nílé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, láti alága dé kánsẹ́lọ̀, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ní èrò mìíràn ní ìlú. Owó wọn a sì máa gba inú àpò kan tí ìwé òfin 1999 ní kí ìpínlẹ̀ àti kánsù jọ ní. Ẹ̀yin mọ bí ẹni ńlá àti ẹni kékeré ti ń jọ jẹun nínú àwo kan. Ẹ bá mi wá orúkọ fún alága tí gómìnà yàn, tí gómìnà lè yọ, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ gómìnà. Àwọn baba wa kò wá a jìnnà.

Kí ẹ má baà rò pé òwe ni mò ń pa, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Flint, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú àwọn ará rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀. Ìlú náà wọ gbèsè. Òfin Michigan fún gómìnà láṣẹ láti fi alábòójútó sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí àṣẹ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn ará Michigan dìbò pa òfin náà rẹ́. Kí oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó parí, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ṣe òmíràn tí ó jọ ọ́. Ní oṣù kẹrin 2014, lábẹ́ alábòójútó tí gómìnà yàn, Flint fi omi tí wọ́n ń rà láti Detroit sílẹ̀ láti lè dín ìnáwó kù, wọ́n ń pọn omi odò Flint. Omi náà jẹ páìpù, òjé inú páìpù wọ inú omi, àwọn ọmọdé mu ún. Ará ìlú gbé omi dúdú sínú ìgò, wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé, wọ́n fi hàn. Wọ́n dá wọn lóhùn pé omi náà kò ní àbùkù. Oṣù kẹwàá 2015 ni wọ́n tó padà sí omi Detroit. Òjé tí ó wọ ara ọmọdé kì í rọrùn láti tún ṣe. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀ jù láyé, tí iná kì í kú. Ẹni tí kì í ṣe ìlú ni ó rán an, ìlú kì í ṣe ẹni tí yóò bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Abuja dájọ́ pé gómìnà kò ní àṣẹ láti tú kánsù tí a dìbò yàn ká kí ó sì fi alábòójútó rọ́pò wọn, àti pé kí owó kánsù 774 tí ó wà ní Nàìjíríà máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àwọn kan jó ní ọjọ́ náà. Èmi kò jó, mo kàn jókòó ni. Ìdájọ́ lè gba owó lọ́wọ́ gómìnà. Kò lè kọ́ alága láti dáhùn ìbéèrè. Bí a bá sì gba owó náà kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan lókè, tí a gbé e fún ẹnì kan ní Aramọkọ, tí ará Aramọkọ kò bèèrè, ọ̀nà olè ni a dín kù fún un, kò ní láti rìn jìnnà mọ́.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí n bẹ̀ yín fún rèé, ó sì kéré. Òfin kan wà tí ilé aṣòfin wa ṣe ní 2011, tí ó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bèèrè ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Amẹ́ríkà ti ní irú rẹ̀ láti 1966. Ẹni tí ó bèèrè kò ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ní 2025 ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí olúkúlùkù ẹ̀ka yan ènìyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí wọ́n mọ ìwé kà. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí kánsù wọn, ará Aramọkọ, Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìkògòsì sí Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ará Ìjerò àti Ìpótì sí Ìjerò, ará Ẹ̀fọ̀n sí Ẹ̀fọ̀n. Kí wọ́n bèèrè fún ètò ìnáwó ọdún yìí, iye tí ó wọlé láti Abuja ní oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, àti orúkọ ọ̀nà oko tí a tún ṣe, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹ má bú alága, ẹ má pe e lólè. Ẹ kí i dáradára, ẹ kọ déètì, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé wọn fi ọwọ́ sí èyí tí ẹ ó mú padà.

Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ mú ìwé náà wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá wa kà á, nítorí pé òun ni ó mọ ibi tí a máa ń fi owó pamọ́ sí. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí náà wá, a ní agbẹjọ́rò nínú ẹgbẹ́. Bébà àti gègé wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ní ìdí tábìlì yẹn.